Ta gan-an ni Rábì Kahane, ṣé ó sì tọ́ bí Ísírẹ́lì ṣe fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí Itamar Ben-Gvir ti di mínísítà ní Ísírẹ́lì ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Kahane káàkiri. Nínú ìjọ wa, wọ́n ní wòlíì tó gba tàwọn Júù rò ni, pé àwọn tí kò fẹ́ràn Bíbélì ló bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní apààyàn ni, pé òun ló wà nídìí ìpakúpa Hébúrónì. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Brooklyn, tí ẹ sì ń bá àwọn Júù ṣiṣẹ́, èwo ni ká gbà? Ṣé rábì ni lóòótọ́? Bí ó bá jẹ́ rábì, kí ló dé tí orílẹ̀-èdè àwọn Júù fúnra rẹ̀ fi lé ẹni tí aráàlú dìbò fún kúrò nínú òṣèlú? Mo ń múra àtilọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àsíá Ísírẹ́lì tún wà lára mọ́tò mi, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

* * *

Àwọn òǹkàwé mìíràn ti kọ èrò tiwọn sábẹ́ ìbéèrè yìí, èmi yóò sì dá àwọn náà lóhùn. Àbúrò, rábì ni. Àwọn kan ń sọ pé kò kàwé, pé fìlà lásán ló dé. Irọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹni tó kórìíra ìwà rẹ̀ máa fi irọ́ bá a jà.

Wọ́n bí i ní Brooklyn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1932. Martin David Kahane ni orúkọ ìwé rẹ̀, Meir ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Rábì ni bàbá rẹ̀, ìlú Safed ní Palẹsitínì ni wọ́n sì ti bí bàbá náà. Ze'ev Jabotinsky, aṣáájú àwọn Síónì tó gbà pé láìsí ohun ìjà àwọn Júù kò lè ní orílẹ̀-èdè, ti ṣe àlejò nílé wọn rí, inú Betar, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí Jabotinsky dá sílẹ̀, ni Kahane sì gbé dàgbà. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tí ọlọ́pàá mú un ní New York nítorí pé ó wà lára àwọn tó ju tòmátì lu Ernest Bevin, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ń dí àwọn Júù tó bọ́ lọ́wọ́ Hitler lọ́nà kí wọ́n má baà wọ Palẹsitínì. Ó kàwé ẹ̀sìn ní Mir Yeshiva, ilé ẹ̀kọ́ àwọn rábì, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ òfin. Ó ṣe rábì ìjọ kan ní Howard Beach ní Queens, lẹ́yìn èyí ni ó di olóòtú ní ìwé ìròyìn Jewish Press. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó tún lo orúkọ mìíràn, Michael King, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ kó fura pé Júù ni, títí ìwé ìròyìn New York Times fi tú u síta ní ọdún 1971.

Ọ̀mọ̀wé ni, nítorí náà. Ohun tó wàásù, ó ti rò ó dáadáa, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ẹnu ló yọ̀ ọ́.

* * *

Mẹ́ta nínú àwọn òǹkàwé ti kọ̀wé báyìí pé Ẹgbẹ́ Olùgbèjà Àwọn Júù tí Kahane dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1968 kàn ń gba àwọn arúgbó lọ́wọ́ ìpáǹle ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá lóye apá yìí kò lè lóye ìdí tí àwọn ọmọlúàbí èèyàn fi tẹ̀ lé e.

Lákòókò náà, àwọn Júù tó rí jájẹ ti kó kúrò ní Brownsville àti East Flatbush, àwọn àdúgbò ní Brooklyn, wọ́n ti lọ kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, àwọn arúgbó àti aláìní ló kù. Olè pọ̀. Ní ọdún 1968 yẹn kan náà, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Ocean Hill-Brownsville da àwọn olùkọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Júù àti àwọn òbí aláwọ̀ dúdú pọ̀ bí omi gbígbóná àti òróró. Ìbẹ̀rù wà nílẹ̀ kí Kahane tó dé, òun kàn wá fún un ní orúkọ àti ọ̀pá ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Mo tọ́jú ìyá àgbà Júù kan ní Flatbush fún ọdún mẹ́ta, ilé rẹ̀ ni mo sì ń sùn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin gígùn kan tún wà tí a máa ń fi ti ilẹ̀kùn láti inú, tí ìdí rẹ̀ wọnú ihò kékeré kan nílẹ̀, tí orí rẹ̀ sì há mọ́ ara pákó ilẹ̀kùn. Lálaalẹ́, bí mo bá ti gbé irin náà sípò tán, màmá yóò fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ rìn wá, yóò fi ọwọ́ mì í lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà láti sùn. Ó sọ fún mi pé wọ́n lu ọkọ òun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan bí ó ti ń bọ̀ láti sínágọ́gù, pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọ̀dọ́ Kahane bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n lọ, wọ́n sì ń sìn wọ́n bọ̀. Kò gbàgbé oore yẹn títí tó fi kú.

Màmá yìí kan náà ló sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ náà kò sin wọ́n délé lásán. Wọ́n ń kọ́ ọmọ òun ọkùnrin lójú ọ̀nà pé gbogbo aláwọ̀ dúdú ni ọ̀tá. Ọmọ náà ti di bàbá àgbà báyìí. Láàárín ọdún mẹ́ta tí mo fi ń wẹ ìyá rẹ̀, tí mo ń fún un lóògùn, kò bá mi sọ ju kí ó kí mi lọ. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, James Forman, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń béèrè owó ìtánràn ìgbà ẹrú lọ́wọ́ àwọn ilé ìjọsìn, ni wọ́n ní ó ń bọ̀ ní Temple Emanu-El ní Fifth Avenue. Kahane kó àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú sínágọ́gù náà, wọ́n di igi àti ṣéènì mú. Forman kò yọjú. Wọ́n ya àwòrán ara wọn pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n sì sanwó kí New York Times fi ṣe ìpolówó ọjà wọn. Ẹni tó ń sin arúgbó délé kò nílò irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ìbẹ̀rù tó bá sọ gbogbo aládùúgbò di ọ̀tá ti fọ́ lójú.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé bí kò bá sí Kahane, àwọn Júù ilẹ̀ Sófíẹ̀tì ì bá tí rí ọ̀nà jáde. Mi ò gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní New York ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1964, ìyẹn ọdún mẹ́rin ṣáájú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí Kahane mú wá ni ariwo, lẹ́yìn náà bọ́ǹbù. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn aṣojú Sófíẹ̀tì kiri ìgboro, bọ́ǹbù sì ń bú ní àwọn ọ́fíìsì tó jẹ mọ́ Rọ́ṣíà. Mo gbà pé ariwo náà gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ojú ìwé àkọ́kọ́ àwọn ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1971, Kahane jẹ́bi pé òun àti àwọn mìíràn dìtẹ̀ láti ṣe bọ́ǹbù. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un, ṣùgbọ́n wọn kò ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n náà bí kò bá ti ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohun ìjà mọ́, ó sì kó lọ sí Ísírẹ́lì lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1972. Ọ́fíìsì Sol Hurok ní Manhattan ló ń mú àwọn olórin àti oníjó Sófíẹ̀tì wá sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ju bọ́ǹbù èéfín síbẹ̀, iná sì sọ. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan, ẹni ọdún 27, ni èéfín pa. Júù ni ọmọbìnrin náà, Júù ni Hurok pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kahane ni ìjọba fẹ̀sùn kàn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà wó, kò sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n ikú rẹ̀. Kahane ti wà ní Ísírẹ́lì nígbà náà, mi ò sì sọ pé òun ló rán wọn níṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pé ìbọn kan yẹ kó wà lọ́wọ́ Júù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá lo ohun tí wọ́n kọ́, ọmọ Júù tó jí lọ síbi iṣẹ́ ló gbé e.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Bíbélì gbè é lẹ́yìn, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ohun tí Mósè sọ ni Kahane tún sọ. Lóòótọ́, ó máa ń tọ́ka sí Ìwé Númérì orí 33, níbi tí a ti ní bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò bá lé àwọn ará ilẹ̀ náà jáde, àwọn tó ṣẹ́kù yóò di ẹ̀gún ní ìhà wọn. Lórí ìyẹn ló gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kalẹ̀: Lárúbáwá tó bá fẹ́ dúró ní Ísírẹ́lì gbọ́dọ̀ gbà láti máa gbé ibẹ̀ bí àlejò tí kò lẹ́tọ̀ọ́ òṣèlú kankan, ẹni tí kò bá gbà, kí wọ́n fún un lówó kó máa lọ, ẹni tí kò bá gba owó, kí wọ́n fi ipá gbé e. Ó tún sọ gbangba pé ẹ̀sìn Júù àti ìjọba àwarawa kò lè gbé ilé kan náà, àti pé àwọn olóṣèlú tó ń sọ pé Ísírẹ́lì lè jẹ́ ti àwọn Júù kó sì tún jẹ́ ti gbogbo aráàlú bákan náà ń tan ara wọn jẹ.

Ìbéèrè yẹn wúwo, mo gbà. Ṣùgbọ́n inú Tórà kan náà ni Léfítíkù orí 19 wà, tó ní kí àlejò tó ń gbé láàárín yín dà bí ọmọ onílẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ara yín, nítorí ẹ̀yin náà ti ṣe àlejò ní Íjíbítì. Àwọn àgbà inú Talmud, ìwé àlàyé òfin àwọn Júù, kà á pé ìgbà 36 ni Tórà kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àlejò. Kahane mọ ibẹ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìbò. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Kach sílẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí «Báyìí» ní èdè Hébérù. Ó díje ní 1973, 1977 àti 1981, ó fìdí rẹmi nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 1984, ó wọlé pẹ̀lú ìbò 25,907, ìjókòó kan ṣoṣo nínú 120. Ẹ wo ohun tó yí padà láàárín: ogun Lẹ́bánónì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, àwọn ọmọ ogun ń kú níbẹ̀, owó ọjà sì gbẹ́nu sókè ju ìdá 400 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún 1984 nìkan. Nínú àwọn ìlú kéékèèké tí ìṣẹ́ ti ń bá àwọn èèyàn fínra, ẹni tó bá tọ́ka sí ọ̀tá kan ní pàtó yóò rí ẹni tẹ́tí sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó dìde láti lọ sí Umm al-Fahm, ìlú àwọn Lárúbáwá tó jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì, ó ní òun fẹ́ ṣí ọ́fíìsì tí yóò máa rọ̀ wọ́n láti kó kúrò nílùú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ìlú, Lárúbáwá àti Júù pa pọ̀, wọ́n ní kò ní wọlé. Kò wọlé. Mo fẹ́ kí àbúrò mi tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí fi èyí sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá sọ fún un nínú ìjọ pé Kahane ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo Júù.

Nínú ilé aṣòfin, ó gbé àbá òfin wá tí yóò gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Júù, tí yóò sì ka ìgbéyàwó tàbí ìbálòpọ̀ láàárín Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù léèwọ̀. Michael Eitan, aṣòfin láti ẹgbẹ́ òṣèlú Likud, gbé àbá wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ òfin Nuremberg tí ìjọba Hitler ṣe ní 1935, ó fi hàn pé wọ́n jọra ní abala dé abala. Èmi tí ìyá mi jẹ́ Mùsùlùmí, tí bàbá mi jẹ́ Krìstẹ́nì, tí a jọ ń pín ẹran Iléyá tí a sì jọ ń se ìrẹsì Kérésì, mi ò lè ka irú òfin yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

* * *

Wàyí o, ṣé ó tọ́ kí wọ́n fòfin dè é? Èyí ni ìjà ti pọ̀ jù nínú ìdáhùn yín.

Àwọn tó ní kò tọ́ ń sọ pé aráàlú ló yàn án, aráàlú nìkan ló lè yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká to ìṣẹ̀lẹ̀ náà bó ṣe rí. Ìgbìmọ̀ ìdìbò kọ́kọ́ lé Kach kúrò nínú ìbò 1984. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé ìpinnu náà, wọ́n ní kò sí òfin tó fún ìgbìmọ̀ lágbára bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ yẹn tọ́, nítorí kò yẹ kí àwọn olóṣèlú máa lé alátakò wọn láìsí òfin. Ní 1985, ilé aṣòfin wá fi abala kan kún òfin ìpìlẹ̀, pé ẹgbẹ́ tó bá ń ru ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sókè kò lè díje. Ní 1988, wọ́n fi òfin yẹn yọ Kach, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i.

Mo fara mọ́ ọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Ísírẹ́lì mẹ́fà ni Lárúbáwá nígbà náà, wọ́n ní káàdì ìdìbò, wọ́n sì ń dìbò. Kò sí iye ìbò tó lè fún èèyàn kan láṣẹ láti fi òfin gba ìbò lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìwádìí èrò aráàlú ti ń fi hàn pé Kach yóò ní ju ìjókòó kan lọ dáadáa bí wọ́n bá jẹ́ kó díje.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe rò pé òfin nìkan ti tó. Bí Kahane bá ti dìde láti sọ̀rọ̀, àwọn aṣòfin yóò dìde, wọn yóò jáde, àti àwọn ti Likud àti àwọn ti Labour, yóò ku òun, alága, àti akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ó sì jẹ́ àbùkù tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò fún un kò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ọjà ni wọ́n wà, àti bárékè àwọn ọmọ ogun, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń dá a lóhùn. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Yitzhak Navon bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àwarawa àti ìbágbépọ̀, iṣẹ́ gidi sì nìyẹn. Kò tó, ó sì ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó àbúrò mi: kì í ṣe Kahane ló yìnbọn ní Hébúrónì, ó ti kú ju ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, Baruch Goldstein, dókítà, ọmọ Brooklyn bíi tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, 25 oṣù Kejì ọdún 1994, nínú ààwẹ̀ Ramadan. Àwọn èèyàn ń kírun àsùbáà ní mọ́sálásí Ibrahim, ibi ibojì àwọn baba ńlá. Ó wọ aṣọ ológun wọlé, ó dúró sẹ́yìn wọn, ó sì da ìbọn bò wọ́n. Èèyàn 29 ló pa, àwọn tó ṣèṣe ju 100 lọ, kí àwọn tó yè tó lù ú pa. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Ísírẹ́lì kéde Kach àti Kahane Chai, ẹ̀ka rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí «Kahane wà láàyè», ní ẹgbẹ́ apániláyà.

Ilẹ̀ yẹn ni Ábúráhámù rà ní ṣékélì fàdákà 400 láti sin Sárà sí. Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ábúráhámù sọ fún àwọn onílẹ̀ ni pé àlejò àti àtìpó ni òun láàárín wọn.

* * *

Mo rí ẹni tó kọ̀wé pé inú òun dùn sí bí wọ́n ṣe pa Kahane. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1990, ó parí ìwàásù ní hòtẹ́ẹ̀lì Marriott kan ní Lexington Avenue ní Manhattan, El Sayyid Nosair, ọmọ Íjíbítì, sì yìnbọn pa á. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ìpínlẹ̀ kò dá Nosair lẹ́bi ìpànìyàn, ẹ̀sùn ìbọn ni wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n, kó tó di pé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a lẹ́bi ní 1995 pẹ̀lú Omar Abdel-Rahman, àlùfáà Mùsùlùmí ọmọ Íjíbítì, àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ìbọn yẹn kò pa ẹ̀kọ́ Kahane. Ńṣe ló sọ ọ́ di ajẹ́rìíkú fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń péjọ ní Jerúsálẹ́mù lọ́dọọdún láti rántí rẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n tún yìnbọn pa Binyamin ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá Ofra, ibùdó àwọn Júù ní Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì. Kò sí Lárúbáwá kan tí ikú wọ̀nyí mú ayé rẹ̀ rọrùn.

* * *

Ọ̀rọ̀ Ben-Gvir tí o fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ́ Kach ni. Ní 1995, ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àmì tí wọ́n yọ lára mọ́tò Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, ó ní bí àwọn ṣe dé ara mọ́tò rẹ̀, àwọn yóò dé ọ̀dọ̀ òun náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ẹlòmíràn fi pa Rabin. Àwòrán Goldstein wà lára ògiri ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2007, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi rírú ẹlẹ́yàmẹ̀yà sókè. Ní ìparí 2022, wọ́n fi í ṣe mínísítà ààbò orílẹ̀-èdè, ọlọ́pàá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, níbi ìrántí Kahane, ó sọ pé òun kò fara mọ́ lílé gbogbo Lárúbáwá jáde. Àwọn tó péjọ kígbe mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí lẹ́yìn tí Kahane ti kú.

O tún béèrè bóyá kí o yọ àsíá Ísírẹ́lì kúrò lára mọ́tò rẹ. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Àsíá yẹn kì í ṣe ti Kahane, abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn Júù tó dúró ní Umm al-Fahm ń gbé. Tirẹ̀ yàtọ̀: àwọ̀ ìyeyè ni, ìkúùkù dúdú sì wà láàárín ìràwọ̀ Dáfídì. Bí o bá dé Jerúsálẹ́mù tí o rí i tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tàbí òpó iná, ìwọ náà yóò lè sọ fún àwọn tí ẹ jọ lọ ohun tó túmọ̀ sí.